Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Kéèsì Kọ̀ǹpútà Ńlá Wò fún Géèmù Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí kéèsì kan, ó tóbi gan-an, iná wà lára ẹ̀, ṣé kí n rà á?" Ẹ máa wá fi fọ́tò sí i. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn o. Kéèsì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń to gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà sí, lè ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà kó má gba gíráfíìsì káàdì yín, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ó sì tún lè gba káàdì yẹn kó wá há ooru mọ́ ọn nínú débi pé géèmù á máa fà bí ẹ bá ti gbá a fún ogún ìṣẹ́jú. Títóbi kọ́ ló ń mú kọ̀ǹpútà tutù, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde ni. Ìdí nìyí tí mo fi to bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò síbí, látilé dé ṣọ́ọ̀bù, títí dìgbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀.

Irú kéèsì tí mò ń sọ ni èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní full tower, bíi Corsair 7000D Airflow tàbí Phanteks Enthoo Pro 2, àti àwọn tó bá wọn dọ́gba.

Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò ẹ̀?

Ẹ wo èyí ná. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yín mu, ẹ máa bá kíkà lọ:

- Gíráfíìsì káàdì yín gùn ju nǹkan bíi 330 mm lọ
- Ẹ fẹ́ lo radiétọ̀ 420 (irin tí kúlà olómi fi ń tú ooru dà nù, fáànù 140 mẹ́ta ló ń gbé), tàbí radiétọ̀ méjì nínú kéèsì kan
- Bọ́ọ̀dù yín (pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà ń so mọ́) jẹ́ E-ATX, ìyẹn irú tó fẹ̀ ju ATX tó wọ́pọ̀ lọ
- Hard disk ńláńlá tẹ́ ẹ fẹ́ tò sínú ẹ̀ ju mẹ́rin lọ

Bí kò bá sí ìkankan, mid tower (kéèsì oníwọ̀n àárín) tí iwájú ẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì ti tó yín, kẹ́ ẹ fi owó tó kù kún ti káàdì. Mi ò sọ ọ́ láti fi rẹ̀ yín sílẹ̀ o, títóbi kéèsì ò lè fi frame (àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá) kan kún géèmù yín, káàdì ló ń ṣe ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé: ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín.

1. Gígùn, gíga àti nínípọn káàdì. Ẹ wò ó níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì yẹn gan-an kọ ọ́ sí, torí orúkọ "RTX 4090" nìkan ò sọ nǹkan kan fún yín. Èyí tí NVIDIA fúnra ẹ̀ ṣe gùn tó 304 mm. ROG Strix tí ASUS ṣe, chip kan náà ni, àmọ́ ó gùn tó 357.6 mm, ó ga tó 149.3 mm, ó sì nípọn tó 70.1 mm. Ẹ rí i pé ó ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì.
2. Gíga kúlà CPU, ìyẹn ohun tó ń mú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tutù. Noctua NH-D15 ga tó 165 mm, ọ̀pọ̀ kéèsì tín-ín-rín ò lè gbà á. Bó bá jẹ́ kúlà olómi lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ ìwọ̀n radiétọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí pé 360 yẹn kì í ṣe gígùn ẹ̀, fáànù 120 mẹ́ta ni wọ́n kà pọ̀, radiétọ̀ fúnra ẹ̀ máa ń sún mọ́ 400 mm torí àpò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.
3. Irú bọ́ọ̀dù. ATX jẹ́ 305 mm sí 244 mm. E-ATX lè fẹ̀ tó 330 mm, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ báyìí ò tó ìyẹn, ẹ wọn ti yín.
4. Gígùn PSU, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Fífẹ̀ PSU ATX jẹ́ 150 mm, gíga ẹ̀ 86 mm, ìyẹn ò ń yí padà. Gígùn ló ń yí padà, láti 140 mm dé orí èyí tó ju 200 mm lọ.
5. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Corsair 7000D ga tó 600 mm, ó gùn tó 550 mm, ó sì lé ní kílò 15 lófìfo. Ẹ wọn abẹ́ tábìlì yín, kẹ́ ẹ fi tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ fún atẹ́gùn gbígbóná láti jáde. Bí tábìlì náà bá ń mì báyìí tí nǹkan kan ò tíì sí lórí ẹ̀, ẹ má rò ó rárá.

Nọ́ńbà orí páálí, ẹ kà á dáadáa

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí náà màá dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ká ní wọ́n kọ sára páálí pé káàdì tó gùn tó 400 mm máa wọlé. Ẹ bi wọ́n pé 400 yẹn, ṣé fáànù ti wà níwájú tàbí kò tíì sí? Fractal Design máa ń kọ ọ́ kedere: fún Torrent wọ́n kọ 461 mm bí iwájú bá ṣófo, 423 mm bí fáànù bá wà níbẹ̀. Àwọn míì ò ní sọ fún yín, nọ́ńbà tó tóbi jù ni wọ́n máa gbé síta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Iwájú ṣófo, 400 mm. Fáànù nípọn tó 25 mm, ó ku 375. Ẹ gbé radiétọ̀ tó nípọn tó 27 mm sí i, ó ku 348. ROG Strix tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gùn tó 357.6. Kò wọlé mọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé páálí sọ pé 400. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé radiétọ̀ síwájú, ẹ máa yọ tó 52 mm kúrò nínú nọ́ńbà iwájú òfìfo kẹ́ ẹ tó fi wé ti káàdì yín. Bó bá jẹ́ òkè lẹ máa gbé e sí, wàhálà yẹn ò sí, àmọ́ ẹ wò ó bóyá ààyè wà láàárín orí kéèsì àti bọ́ọ̀dù, torí radiétọ̀ àti fáànù ẹ̀ lè wá forí kan RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tó dúró lórí bọ́ọ̀dù.

Èkejì ni fífẹ̀ inú kéèsì, gíga kúlà CPU tí wọ́n kọ pé ó lè gbà ló ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, òun gan-an làwọn èèyàn ń gbàgbé. Káàdì tó ga tó 149 mm, wáyà iná máa ń ti etí ẹ̀ jáde sí ọ̀nà gíláàsì. Wáyà oníhò 16 tuntun yẹn, 12VHPWR, èyí tí àwọn kan yọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní 2022, ìmọ̀ràn tó wà lórí ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ tààrà tó 35 mm kó tó tẹ̀. Ẹ fi 35 kún 149, ó di 184. Kéèsì tó bá kọ pé kúlà CPU tó ga tó 165 mm ló lè gbà, kúlà á wọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ gíláàsì á máa fún wáyà yẹn pa. Corsair 7000D kọ 190 mm, Enthoo Pro 2 kọ 195 mm. Ibí yìí ni kéèsì ńlá ti ń jẹ́ owó ẹ̀ gan-an, lójú tèmi o, ju gbogbo ariwo iná tó wà lára ẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó gbogbo ojú wáyà ẹ̀ sẹ́yìn ńkọ́, bíi BTF ti ASUS tàbí Project Zero ti MSI? Kéèsì gbọ́dọ̀ ní ihò tí wọ́n gé síbi tó bá ojú wáyà yẹn mu. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé ó gba irú ẹ̀, ẹ kà á sí pé kò gbà á.

Nínú ṣọ́ọ̀bù: ẹ fọwọ́ kàn án

Bóyá Computer Village n'Íkẹjà lẹ wà ni tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ẹ mú téèpù dání, ẹ ní kí wọ́n tú páálí ẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ pé òun ò ní tú u, ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ kọjá sí ìkejì.

1. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú kéèsì, kẹ́ ẹ máa wò ó láti iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ jáde dáadáa lára nẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn náà á rí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ gíláàsì tàbí rọ́bà ló bo iwájú, ẹ wá ibi tí wọ́n gé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún atẹ́gùn; bí ìka kan ò bá lè wọ ibẹ̀, iwájú yẹn á há fáànù lọ́fun.
2. Ẹ tẹ àárín ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn pẹ̀lú àtàǹpàkò. Irin tó dáa máa dúró gírí, ó lè tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ èyí tó bá wọlé wìjìwìjì tó tún ń dún, bẹ́ ẹ bá ti fi wáyà sẹ́yìn ẹ̀ kò ní pa dé mọ́, á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú fáànù.
3. Ẹ gbé e lé orí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ tì í lórí díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá kanlẹ̀, férémù ẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.
4. Ẹ yọ fílítà jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ. Ṣé iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà jáde, àbí ẹ̀yìn? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ máa fa kọ̀ǹpútà tó wúwo yẹn kúrò lára ògiri, ẹ ò sì ní ṣe é.
5. Ẹ fi ìka rọra tọ etí gíláàsì yí po. Bí ibì kan bá ti já, kódà kó kéré bí ẹyọ ìrẹsì, ẹ má gbà á. Gíláàsì tempered máa ń le lójú, etí ẹ̀ ló rọ̀ jù, ọjọ́ kan á kàn fọ́ yángá.
6. Ẹ wo wáyà iwájú: ti USB 3.0, ti USB-C, ti ohùn, ti bọ́tìnì páwà. Ẹ wo inú ojú ti USB 3.0 yẹn bóyá ó mọ́, kò sì fọ́. Ẹ wo bóyá bọ́ọ̀dù yín ní ojú tí ti USB-C máa wọ̀, torí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ò ní in.
7. Ẹ wọ̀n ẹ̀yìn, láàárín irin tí bọ́ọ̀dù jókòó lé àti ilẹ̀kùn. 20 mm ṣeé fara dà, 25 lọ sókè ló dáa, torí kébù oníhò 24, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná lọ sí bọ́ọ̀dù, sanra.
8. Ẹ ka àwọn ìdúró idẹ kéékèèké tí bọ́ọ̀dù máa jókòó lé. ATX máa ń lo mẹ́sàn-án. Ẹ fi ọwọ́ yí wọn wò bóyá wọ́n dè dáadáa, kẹ́ ẹ sì wo àpò sukúrù bóyá wọn ò tíì tú u.

Bí wọ́n bá ní àṣehàn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi etí sí i. Ẹ ní kí wọ́n gbé fáànù sókè tán. Ariwo atẹ́gùn ò burú, ariwo irin tó ń gbọ̀n ni kẹ́ ẹ sá fún.

Atẹ́gùn àti eruku

Kéèsì tí àwọn òyìnbó yìn pé ó dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọ́n fi fóòmù bo inú ẹ̀, inú yàrá olótùútù ni wọ́n ti dán an wò. Yàrá tiwa lè gbóná tó 32 digirí lọ́sàn-án tí ò sí iná fún AC, kò sì sí fáànù tó máa mú káàdì tutù ju yàrá tó wà nínú ẹ̀ lọ. Nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí gíláàsì iwájú tàn yín jẹ. Àmọ́ nẹ́ẹ̀tì láìsí fílítà lásìkò ọyẹ́, láàárín oṣù kan ẹ máa rí eruku pupa tó bo gbogbo kúlà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa to fáànù nìyí:

1. Iwájú (àti ìsàlẹ̀ bó bá ní) máa fa atẹ́gùn wọlé.
2. Ẹ̀yìn àti òkè máa tì í jáde.
3. Kí èyí tó ń wọlé pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó ń jáde. Mẹ́ta wọlé, méjì jáde, ó dáa. Bí èyí tó ń jáde bá pọ̀ jù, kéèsì á máa fa eruku wọlé láti gbogbo ihò tí kò ní fílítà.
4. Láti mọ ojú ibi tí fáànù ń fẹ́ sí: ojú tẹ́ ẹ ti rí ewé ẹ̀ kedere ló ń gbà fa atẹ́gùn, ojú tí àwọn ọ̀pá tó gbé mọ́tọ̀ ẹ̀ dúró wà ló ń gbà fẹ́ ẹ jáde.

Kéèsì ńlá tó wá pẹ̀lú fáànù kan ṣoṣo pọ̀ lọ́jà, wọ́n á ní ó gba mẹ́wàá. Gbígbà yàtọ̀ sí níní. Ẹ fi owó fáànù tó kù kún iye kéèsì yẹn kẹ́ ẹ tó fi wé ìkejì. Torrent wá pẹ̀lú fáànù 180 mm méjì níwájú àti 140 mm mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹ ò nílò láti ra ìkankan. 7000D Airflow wá pẹ̀lú 140 mm mẹ́ta. Fáànù ńlá ń gbé atẹ́gùn púpọ̀ láìsáré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn 140 ju 120 lọ bí ààyè bá wà.

PSU ọ̀fẹ́ àti iná

Kéèsì tí wọ́n ti fi PSU sínú ẹ̀ tí wọ́n kọ "500W" sí gàdàgbà, ẹ kà á sí pé kò sí PSU níbẹ̀. Ẹ má fi gbé káàdì géèmù rárá o, bó bá jó, ó lè jó bọ́ọ̀dù àti káàdì mọ́ ọn. Ẹ ra PSU lọ́tọ̀. Àmì 80 Plus dáa, àmọ́ ohun tó ń sọ ni bí iná ṣe ń ṣòfò tó nínú PSU, kò sọ pé ó ní ààbò tó péye, torí náà ẹ tún wo àwọn ààbò tí wọ́n kọ sí i.

Bí kéèsì tókunbọ̀ bá wá pẹ̀lú PSU àtijọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ fún bọ́tìnì pupa kékeré tó ń sọ 115 tàbí 230. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà ní 115. Ẹ tì í sí 230 kẹ́ ẹ tó ki pulọ́ọ̀gì bọ iná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bú gbàmù.

Bí irin kéèsì bá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ò ní wáyà earth tàbí wáyà yẹn ti já. Ẹ pe oníná. Ẹ má gé eyín òkè pulọ́ọ̀gì kúrò torí kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíki wáyà iná ARGB 5V oníhò mẹ́ta bọ ojú RGB 12V oníhò mẹ́rin. Iná fáànù á jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù.
- Fífi gíláàsì lélẹ̀ lórí táìlì. Táìlì le ju gíláàsì lọ, bí etí bá kàn kàn án báyìí, ó ti fọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì tàbí páálí ni kẹ́ ẹ gbé e sí.
- Ìdúró idẹ tó ṣẹ́kù sábẹ́ ibi tí bọ́ọ̀dù ò ti ní ihò. Á kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà ò ní tàn, ó sì lè bà á jẹ́.
- Kíkó fáànù márùn-ún sórí ojú kan ṣoṣo lára bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ojú yẹn ò gbé ju 1 amp lọ. Ẹ lo hub (ohun tó ń pín iná fún fáànù púpọ̀) tó ń gba iná láti ọ̀dọ̀ PSU.
- Gbígbé radiétọ̀ sísàlẹ̀ pátápátá tí pọ́ǹpù fi ga jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ inú omi máa ń gòkè, á wá kóra jọ sínú pọ́ǹpù, á máa dún, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.
- Fífi káàdì tó wúwo sílẹ̀ láìsí ohun tó gbé e. Ẹ fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn sábẹ́ ẹ̀.

Bówó ò bá tó

Mid tower onínẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni full tower tókunbọ̀ tí kò ní gíláàsì, irin méjèèjì, ìyẹn ò burú rárá bó bá ti gba káàdì yín, ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún kéèsì Dell Precision tàbí HP Z tó ti ṣófo, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú. Ó lágbára lóòótọ́, irin ẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ihò bọ́ọ̀dù wọn, ojú wáyà páwà wọn àti PSU wọn ò bá ATX mu. Àfi tẹ́ ẹ bá ní irin tẹ́ ẹ lè fi gé e. Bẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ fi sílẹ̀.

Gbígbé e délé àti ìdánwò ìkẹyìn

Ẹ yọ ilẹ̀kùn gíláàsì, ẹ fi aṣọ wé e lọ́tọ̀, ẹ gbé e dúró lóòró. Bí wọ́n bá bá yín tò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ gíráfíìsì káàdì sínú páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, torí kòtò ọ̀nà lè já ojú tí káàdì ń wọ̀ lára bọ́ọ̀dù. Ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì.

Nílé, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, ẹ gbá géèmù tó wúwo jù tẹ́ ẹ ní fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ kọ bí káàdì àti CPU ṣe gbóná tó sílẹ̀.
2. Ẹ yọ ilẹ̀kùn gíláàsì, ẹ gbá géèmù kan náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú míì nínú yàrá kan náà, ẹ kọ ọ́.
3. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá jẹ́ digirí méjì tàbí mẹ́ta, kéèsì yín ń mí dáadáa. Bó bá ju nǹkan bíi márùn-ún lọ, ẹ dá ilẹ̀kùn padà, ẹ yọ fílítà iwájú, ẹ tún dán an wò. Bó bá wálẹ̀, fílítà yẹn ló nípọn jù, ẹ wá èyí tó fúyẹ́. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ wo ibi tí fáànù yín dojú kọ. Bí gbogbo fáànù bá dojú kọ ibi tó yẹ, iwájú kéèsì fúnra ẹ̀ ló há, ẹ mú un padà lọ pẹ̀lú rìsíìtì nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà ò tíì kọjá.